Kí Ọ̀bẹ Tó Kan Oríkèé Ajá

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ọdẹ, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní àwọn abà tí ó yí wọn ká, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. A ti máa ń bá yín sọ̀rọ̀ nípa àgbàdo, ewúrẹ́, adìyẹ àti kaṣú. Lónìí, ajá ni a fẹ́ ṣe agbẹnusọ fún, nítorí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ń dùn ún.

Láti ìgbà láéláé ni ajá ti ń bá àwọn baba wa ṣiṣẹ́. Ìtàn sọ fún wa pé ọdẹ ni Ògúnlọlá tí ó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, ọdẹ tí ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fojú kéré ajá. Títí di òní, ajá ní ń ṣọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀bù lóru nínú ìlú. Ní abà, òun ní ń lé ọ̀bọ kúrò nínú àgbàdo. Ṣùgbọ́n ewu pọ̀ lọ́nà rẹ̀. Títì tí ó ti Ìbàdàn wá sí Ọ̀yọ́, tí ó sì kọjá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kún fún ọkọ̀ àti alùpùpù tọ̀sán-tòru. Nínú igbó, pàkúté tí a dẹ fún ẹranko mìíràn lè mú ajá lẹ́sẹ̀. Bí oríkèé ìbàdí bá yẹ̀, tàbí bí iṣan líle tí ó so eegun mọ́ eegun nínú orúnkún bá já, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ nìkan ni ó kù tí yóò tún un ṣe.

Ìbéèrè wa nìyí: nígbà tí ọ̀bẹ bá ń wọ oríkèé ajá, kí ni yóò pa ìrora náà? Ìdáhùn wa ni pé oògùn wà tí ń pa á, ó ti wà tipẹ́, kò sì yẹ kí a la oríkèé ajá kankan láìpa ìrora rẹ̀ ná.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ NÍ ABÀ KAN

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n rán mi lọ wo àgbàdo ní abà kan tí kò jìnnà sí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá ọdẹ kan pè mí sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Alùpùpù ti gbá ajá rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú, orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì wú bí ọsàn. Ẹnì kan tí ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ ti sọ fún bàbá pé ọyún ni ó kún ibẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta di ajá náà mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi abẹ la orúnkún rẹ̀. Wọn kò fún un ní oògùn kankan. Ẹ̀jẹ̀ ni ó jáde, kì í ṣe ọyún. Nínú ìrora náà, ajá já ara rẹ̀ gbà, ó sì gé ọmọ-ọmọ bàbá náà jẹ ní ọwọ́.

Bàbá náà bi mí pé, “Ọ̀gá àgíríìkì, ṣé kí n pa ajá yìí? Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń sìn ín, kò gé ẹnikẹ́ni jẹ rí.”

Mo dá a lóhùn pé, “Bàbá, ẹ má pa á. Kì í ṣe ìwà rẹ̀ ni ó yí padà. Ìrora ni.”

A fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ọwọ́ ọmọ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ó lè gba abẹ́rẹ́ tí ń dènà àrùn digbólugi, nítorí pé ajá náà kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rí. A so ajá mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá kí dókítà ẹran lè máa wò ó. Àrùn digbólugi kò yọjú lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko. N óò sọ bí ó ti parí fún yín kí ọ̀rọ̀ yìí tó tán.

AJÁ MỌ ÌRORA BÍ ÀWA TI MỌ̀ Ọ́N

Àwọn kan a máa wí pé ẹranko kò mọ ìrora bí ènìyàn. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Iṣan ìmọ̀lára ni àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tí ń jíṣẹ́ láti ara lọ sí ọpọlọ. Wọ́n wà lára ajá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà lára wa, bákan náà ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n pọ̀ púpọ̀ nínú awọ tí ó yí oríkèé ká àti nínú eegun tí ó wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ajá a máa pa ìrora mọ́ra. Ajá tí kò ké lè wà nínú ìrora ńlá.

Àwọn àmì tí ẹ óò fi mọ̀ ọ́n nìyí: kò jẹun, ó ń gbọ̀n, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí oòrùn kò tilẹ̀ mú, ó ń lá ojú kan náà ṣáá, ó ń fara pa mọ́ sí kọ̀rọ̀, kò fẹ́ dìde, ó sì ń kùn bí a bá fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àánú nìkan ni èyí. Ajá tí ń jẹ̀rora kì í sùn dáadáa, ọkàn rẹ̀ a sì máa lù kíkankíkan. A máa fi eyín já okùn tí a fi rán ọgbẹ́ rẹ̀. Kì í fẹ́ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, ẹran itan rẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọn. Bí ìrora bá sì ń lu ọ̀pá ẹ̀yìn láìdákẹ́, àwọn iṣan inú rẹ̀ a máa yára gba iṣẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, tí ó fi jẹ́ pé ìfọwọ́kàn kékeré yóò dà bí ìgbà tí a gún un lọ́bẹ. Nítorí náà, ó sàn kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ìrora kí ó tó wọlé ju kí a máa lé e lẹ́yìn tí ó ti jókòó tán.

KÍ NI ABẸ́RẸ́ APÀRORA?

Bí wọ́n bá ti yọ eyín fún yín rí ní ilé ìwòsàn, ẹ ti mọ abẹ́rẹ́ yìí. Dókítà gún un sí ẹ̀gbẹ́ eyín. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ètè yín wúwo, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín sì kú. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ń fa nǹkan, ṣùgbọ́n kò dùn yín. Ẹ kò sùn. Ojú kan náà ni ó kú, gbogbo ara yòókù sì wà láàyè.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ni. Iṣẹ́ tí iṣan ìmọ̀lára ń jẹ́ dà bí iná mànàmáná tí ń sáré nínú wáyà. Kí ó tó lè kọjá, èròjà kan tí ó wà nínú iyọ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sodium, gbọ́dọ̀ gba àwọn ẹnu-ọ̀nà wẹ́wẹ́ kan wọ inú iṣan. Oògùn yìí a máa dí àwọn ẹnu-ọ̀nà náà. Ọ̀bẹ ń gé, ṣùgbọ́n ìròyìn rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé oògùn náà lọ díẹ̀díẹ̀, ẹnu-ọ̀nà a tún ṣí, ìmọ̀lára a sì padà bọ̀ sípò.

Méjì ni àwọn dókítà ń lò jù. Èkíní ni lidocaine, tí Nils Löfgren ṣe ní Swídìn ní ọdún 1943. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a sì máa tó wákàtí kan sí méjì. Èkejì ni bupivacaine, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1957. Ó lè pẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó mú, ṣùgbọ́n a máa tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba fọwọ́ sí irú bupivacaine kan ní ọdún 2016 fún iṣẹ́ abẹ orúnkún ajá. A fi ọ̀rá dì í wẹ́wẹ́ kí ó lè máa tú jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì lè pa ìrora fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n lidocaine inú ìgò kékeré, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀, tó láti ṣe iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ dókítà tí ó mọ̀ ọ́n lò.

GBÈSÈ TÍ A JẸ AJÁ

Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí ìmọ̀ yìí ti wá. Ní ọdún 1884, ní ìlú Vienna, dókítà kan tí ń jẹ́ Karl Koller rí i pé bí a bá kán oògùn tí a yọ lára ewé koka sí ojú, a lè ṣe iṣẹ́ abẹ lójú náà láìsí ìrora. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1885, James Leonard Corning ní New York gún oògùn kan náà sí àárín eegun ẹ̀yìn ajá kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá náà rọ, ó sì kú. Ìgbà tí ó ṣe, ó padà bọ̀ sípò. Lẹ́yìn ajá ni ó tó dán an wò lára ènìyàn. Ní ọdún 1898, August Bier ní Jámánì lo irú abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ fún àwọn aláìsàn tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún.

Lónìí, aboyún tí ó ní láti bí nípa iṣẹ́ abẹ lè gba abẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn, kí apá ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ kú, kí ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀ láti gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀. Ajá wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà yẹn fún wa. Àwọn àgbà sì wí pé ẹni tí ó bá mọ inú rò yóò mọ ọpẹ́ dá. Kò ha yẹ kí ajá fúnra rẹ̀ jẹ nínú àǹfààní náà bí?

BÍ DÓKÍTÀ ẸRAN ṢE Ń LÒ Ó FÚN ORÍKÈÉ

Kí ohun kan yé yín dájú: fún iṣẹ́ abẹ oríkèé, abẹ́rẹ́ apàrora nìkan kò tó. Ènìyàn lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nítorí pé a ti ṣàlàyé fún un. Ajá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, dókítà a kọ́kọ́ fún un ní oògùn oorun. Ṣùgbọ́n oorun nìkan náà kò tó, nítorí pé oògùn oorun mìíràn wà tí ń mú kí ajá dúró jẹ́ẹ́ láìpa ìrora rẹ̀. Bí a bá so àwọn méjèèjì pọ̀, a kò ní nílò oògùn oorun púpọ̀. Mímí àti ọkàn ajá a wà ní ìrọ̀rùn, a sì jí láìké.

Ọ̀nà mẹ́rin ni dókítà lè gbà lò ó:

1. Ó lè gún un yí ojú ibi tí yóò là ká. Èyí rọrùn, ṣùgbọ́n awọ àti ẹran tí ó wà lókè ni ó ń ràn lọ́wọ́ jù.

2. Ó lè gún un sí ẹ̀gbẹ́ iṣan ìmọ̀lára tí ń bọ́ ẹsẹ̀ náà. Iṣan ńlá méjì ni a máa ń wá fún orúnkún: ọ̀kan ní iwájú itan, èkejì lẹ́yìn itan. Fún ìgúnpá ẹsẹ̀ iwájú, agbègbè abíyá ni a ń wá wọn sí.

3. Ó lè gún un sí ẹ̀yìn, ní ojú ihò tí ó wà láàárín eegun ẹ̀yìn tí ó kẹ́yìn àti eegun ìbàdí. Ọ̀nà yìí dára fún ìbàdí àti orúnkún, nítorí pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ni yóò kú.

4. Ó lè fi sínú oríkèé fúnra rẹ̀. Ọ̀nà yìí gba ìṣọ́ra, nítorí pé bí oògùn bá pẹ́ jù níbẹ̀, ó lè ba kerekere tí ó bo orí eegun jẹ́. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ dókítà fi yan ọ̀nà kejì tàbí ìkẹta.

OÒGÙN TÍ Ó Ń GBÀ LÀ LÈ PA

Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe ra oògùn yìí lọ́jà kí ẹ máa gún un fún ajá fúnra yín. Ìwọ̀n rẹ̀ kéré ju bí ojú ti ń rò lọ. Fún lidocaine, ọ̀pọ̀ dókítà kì í kọjá mìlígíráàmù 6 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ajá wọ̀n. Ajá tí ó wọ̀n kìlógíráàmù 15 kò gbọdọ̀ gbà ju mìlígíráàmù 90 lọ. Nínú ìgò tí a kọ 2% sí lára, mìlígíráàmù 20 ni ó wà nínú mìlílítà kan. Èyí já sí mìlílítà 4 àbọ̀ péré. Ọmọ ajá tí ó wọ̀n kìlógíráàmù 3 kò tilẹ̀ gbọdọ̀ gba mìlílítà kan tán. Ti bupivacaine tún kéré sí i: mìlígíráàmù 2 fún kìlógíráàmù kan.

Bí ó bá pọ̀ jù, ajá a gbọ̀n, a ní gìrì, ọkàn rẹ̀ sì lè dúró. Bí bupivacaine bá ṣèèṣì wọ inú ẹ̀jẹ̀ tààrà, ó lè pa ajá lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń fa síríńjì sẹ́yìn kí ó tó tẹ̀ ẹ́, láti wò bóyá ẹ̀jẹ̀ yóò yọ.

Bákan náà, ẹ má ṣe fún ajá ní ibuprofen tàbí parasitamọ́ọ̀lù tí a rà fún ènìyàn. Ibuprofen a máa dá egbò sí inú ajá, a sì máa ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Parasitamọ́ọ̀lù lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ìpara gbígbóná tí a ń fi pa ẹsẹ̀ wa kò dára fún un pẹ̀lú, nítorí pé yóò lá a mì.

IṢẸ́ TÍ Ó KÙ SÍ YÍN LỌ́WỌ́

Kí ẹ tó gbé e lọ. Ẹ fi ọ̀já aṣọ di ajá lẹ́nu, nítorí pé ajá tí ń jẹ̀rora lè gé olúwa rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé ẹnu ni ajá fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó. Ẹ má ṣe fa ẹsẹ̀ náà láti dá a padà. Ẹ wọ̀n ọ́n: ẹ gbé ajá, kí ẹ gun òṣùwọ̀n, kí ẹ tún gun ún láìgbé e, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni ìwọ̀n ajá. Òṣùwọ̀n tí àwọn oníkaṣú fi ń wọn àpò lè ṣe iṣẹ́ náà bí kò bá sí òmíràn. Bí dókítà bá dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ láti alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí ó má baà bì nínú oorun. Fún ọmọ ajá, ẹ bi dókítà léèrè ná.

Nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ má ṣe tijú láti bèèrè pé: “Dókítà, oògùn wo ni ẹ óò fi pa ìrora rẹ̀ kí ẹ tó là á? Kí ni yóò máa lò lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá ti tú?” Ìbéèrè rere ni, inú dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì dùn láti dáhùn. Iṣẹ́ abẹ oríkèé kì í ṣe ohun tí gbogbo ilé ìwòsàn ẹranko lè ṣe. Bí dókítà ẹran tí ó wà nítòsí yín bá ní kí ẹ lọ sí Ilé Ìwòsàn Ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ lọ. Láti Ọ̀yọ́, bí kìlómítà 50 ni. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, bí 100.

Nígbà tí ẹ bá gbé e padà wálé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ṣì kú fún wákàtí mélòó kan. Ẹ má ṣe bẹ̀rù, ẹ má sì ṣe fi agbára gbé e dìde. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àpò tàbí aṣọ rírọ̀, kí ẹ máa yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ tí ó kú, nítorí pé yóò bó láìjẹ́ pé ajá mọ̀. Ẹ yí ike tàbí páálí mọ́ ọn lọ́rùn kí ó má baà jẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bí ó bá gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ẹ ṣọ́ bóyá ó tọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò tíì tọ̀, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn tí dókítà fún yín ní àkókò tí ó sọ gan-an, kí ìrora má baà rí àyè wọlé nígbà tí abẹ́rẹ́ bá tú.

BÍ TI BÀBÁ ỌDẸ ṢE PARÍ

Dókítà ẹran rí i pé iṣan inú orúnkún ajá náà ni ó já. Ọgbẹ́ tí wọ́n fi abẹ dá sí i ti dọ̀tí, nítorí náà a kọ́kọ́ wo ọgbẹ́ náà san fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí iṣẹ́ abẹ tó lè wáyé. Ìyẹn ni iye tí ìkánjú náà ná wa. Ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ajá gba oògùn oorun, ó sì gba abẹ́rẹ́ apàrora ní ẹ̀yìn. Bàbá jókòó síta, ó dẹtí sílẹ̀, kò gbọ́ igbe kankan. Nígbà tí ajá jí, ó gbé orí sókè, ó mi ìrù, ó sì lá omi.

Bàbá wò ó títí, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé ajá kan náà ni èyí tí ènìyàn mẹ́ta dì mọ́lẹ̀ tí kò gbọ́?”

Ajá kan náà ni. Kò tún lé ìgalà mọ́, nítorí pé orúnkún tí a ti là lẹ́ẹ̀mejì kò lè dà bí ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó rìn, ó ṣọ́ abà, ọmọ tí ó gé jẹ sì ni ó ń gbé oúnjẹ fún un lálaalẹ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí oríkèé ajá yín bá bàjẹ́, ẹ má ṣe pe alábẹ, ẹ má sì ṣe pe àwọn tí yóò dì í mọ́lẹ̀. Dókítà ẹran ni kí ẹ pè, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè méjèèjì tí a kọ sí òkè yìí. Bí ajá yín kò bá sì tíì gba abẹ́rẹ́ tí ń dènà digbólugi, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí alùpùpù yóò gbá a. Ẹ mú un lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí.